Kí Ló Ṣe Tí Wọ́n Fi Yìnbọn Pa Á?



 Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá gbogbo ènìyàn láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tó sì sọ wá di ìran àti ẹ̀yà kí á lè mọ ara wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí gbogbo wa máa ń bèèrè. Bí ìròyìn bá dé ọjà pé ọlọ́pàá yìnbọn pa ọmọkùnrin kan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, “Kí ló ṣe?” Bí ẹni tó mú ìròyìn wá kò bá mọ ohun tó ṣe, àwa fúnra wa á bá a wá a. A ó ní, “Ó ní láti jẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan ni, ọlọ́pàá kì í dédé yìnbọn.” Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè kejì máa ń tẹ̀ lé e: “Ọmọ ibo ni?” Bí wọ́n bá ní ọmọ Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ yí padà, gbogbo wa dìde dúró. Bí wọ́n bá ní ọmọ Ìbò ni, tàbí ọmọ Gbagyi láti abúlé, tàbí Fúlàní darandaran, kálukú a padà sídìí àtẹ rẹ̀. A fẹ́ kí ẹ bá wa wo ìbéèrè méjèèjì yìí nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀sìn wa, nítorí pé ẹni tó di ìbọn mú ló yẹ kí á kọ́kọ́ bi léèrè, kì í ṣe òkú.

Ní ọdún kẹjọ Híjírà, lẹ́yìn tí a ṣẹ́gun Mẹ́kà, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán Khalid ọmọ Walid sí ìran kan tí wọ́n ń pè ní Banu Jadhima. Kò rán an láti lọ jagun. Ó rán an láti pè wọ́n sínú Ìsìláàmù ni. Nígbà tí Khalid dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àwọn ènìyàn náà fẹ́ sọ fún un pé àwọn ti gba ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò gbé ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Dípò kí wọ́n sọ pé “aslamna”, “saba'na” ni wọ́n ń sọ, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn kèfèrí Mẹ́kà fi máa ń pe ẹni tó bá fi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun kan náà ló wà lọ́kàn wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni kò bá ti àwọn tó di idà mú mu. Khalid kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó pa nínú wọn, ó mú nínú wọn ní ìgbèkùn, ó pín àwọn ìgbèkùn náà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kan, ó pàṣẹ pé kí oníkálukú pa ìgbèkùn ọwọ́ rẹ̀.

Abdullahi ọmọ Umar wà lára àwọn ọmọ ogun náà. Ó fi Ọlọ́hun búra pé òun kò ní pa ìgbèkùn òun, àti pé kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó wà pẹ̀lú òun tí yóò pa tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìyára kọjá níbi yìí. Ọ̀gágun ló pàṣẹ, Khalid sì kì í ṣe ẹni tí ènìyàn kéékèèké ń kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, síbẹ̀ ọmọ ogun kan kọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ tí ọlọ́pàá kan ń sọ ní kóòtù pé ọ̀gá òun ló ní kí òun yìnbọn, Abdullahi ọmọ Umar ló máa ń wá sí wa lọ́kàn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí Ànábì, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè sí Ọlọ́hun, ó sì sọ lẹ́ẹ̀mejì pé ọwọ́ òun mọ́ kúrò nínú ohun tí Khalid ṣe. Imam Bukhari gbé èyí wá nínú ìwé rẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Ànábì sì fi kún un pé ó kó owó fún Ali ọmọ Abu Talib pé kó lọ bá àwọn ènìyàn náà. Ali san díyà gbogbo òkú. Ó san owó dúkìá tó bàjẹ́, títí dé orí abọ́ tí ajá wọn fi ń lá omi. Nígbà tó san án tán, owó ṣì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí dúkìá kan wà tí òun kò tíì san, wọ́n ní kò sí mọ́. Ali kó èyí tó ṣẹ́kù náà fún wọn, nítorí ohun tó lè wà níbẹ̀ tí òun àti àwọn kò mọ̀. Ànábì ní ohun tó ṣe dára.

Ẹ̀sùn wà lọ́rùn àwọn ènìyàn yìí o. Àwọn onítàn sọ pé Banu Jadhima ti pa bàbá kékeré Khalid nígbà àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bèèrè “Kí ni wọ́n ṣe?”, ìdáhùn wà nílẹ̀, kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n Ànábì kò mú ìyẹn wá sí ọ̀rọ̀ rárá. Ohun tó ṣe ni pé ó ya ara rẹ̀ kúrò lára ìwà náà ní gbangba, kò dúró dìgbà tí ariwo bá rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló san owó, ó sì san án láti ọwọ́ ẹni tó kàwé, tó mọ ìdájọ́, tó sì lójú àánú, tó ń bi àwọn tó ṣọ̀fọ̀ léèrè bóyá ó kù síbì kan.

Ẹnìkan lè sọ fún wa pé wọn kò pa Khalid nítorí ẹ̀, àti pé ó tún ń jagun fún Ìsìláàmù lẹ́yìn náà. Òótọ́ ni. Àwọn onímọ̀ wa ṣàlàyé pé ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sódì ni, kò mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹni tó mọ̀ ní Mùsùlùmí, nítorí náà díyà ló wọlé, kì í ṣe kíṣáásì. A kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé pẹ̀lú bó ṣe jẹ́ àṣìṣe náà, gbèsè wà lórí rẹ̀, ìjọba sì san án. Súúrà kẹrin, áyà 92, ló fi lélẹ̀ pé ẹni tó bá fi àṣìṣe pa ènìyàn yóò san díyà fún ará ilé rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, bí wọ́n bá ti pè é ní àṣìṣe, ńṣe ni wọ́n pa ìwé dé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló bá ọkọ̀ ojú irin dé Minna, èédú inú ilẹ̀ Enugu ló sì ń gbé ọkọ̀ náà rìn láyé ìgbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Enugu níbi tí wọ́n ti ń wa èédú náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn òṣìṣẹ́ àfonífojì Iva ń bá ìjọba òyìnbó fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn. Ìjọba ń bẹ̀rù pé wọ́n lè lo àwọn ohun abúgbàmù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta nínú ilẹ̀, wọ́n sì rán ọlọ́pàá láti lọ kó wọn kúrò. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ péjọ, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ra, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Òyìnbó tó kó ọlọ́pàá wá, Philip lorúkọ rẹ̀, kò gbọ́ èdè wọn. Ó ní òun rò pé wọ́n fẹ́ kọlu àwọn ni. Ó pàṣẹ ìbọn. Ènìyàn 21 kú, 51 sì fara gbọgbẹ́. Ìgbìmọ̀ Fitzgerald tí wọ́n gbé kalẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì sọ pé ọ̀gá ọlọ́pàá náà ṣi ọ̀rọ̀ gbé ni.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Banu Jadhima ló tún ṣẹlẹ̀? Àwọn kan ń sọ nǹkan lẹ́nu, ẹni tó di ohun ìjà mú kò gbọ́ ọ, ó sì gbà á sí ìjà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ohun tí olórí ṣe lẹ́yìn rẹ̀. A kò sì lè yọ awọ ara kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jó tó ń kọrin níwájú Philip, a kò gbà pé ìbọn ló máa fi dá wọn lóhùn.

Àwọn òyìnbó wọ̀nyí kan náà ló dá iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Láti bí ọdún 1861 sí 1863 tí wọ́n ti ń kó ọmọ ogun jọ ní Èkó, àwọn tó ń sọ Hausa, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn, ni wọ́n fẹ́ràn láti fún ní ìbọn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ìbátan wọn láàrin àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìbọn fún àlejò kó lè yìn ín láìwẹ̀yìn. Òmìnira dé ní 1960, a pààrọ̀ àsíá, ṣùgbọ́n ìwà yẹn kò bá òyìnbó lọ.

Ohun kan tó wú wa lórí nípa ti 1949 ni pé àwọn òṣèlú tí wọn kì í rí ara wọn sójú nígbà náà, ẹgbẹ́ NCNC àti àwọn ọ̀dọ́ NYM, wọ́n jọ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Èkó, Dókítà Akinola Maja sì ni alága rẹ̀. Yorùbá ń ké lórí òkú Ìbò. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà fi tú ká, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ló sì padà jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀ nígbà kan.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìtòsí ilé. Ní òru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2005, ọlọ́pàá pa àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà ní Abuja, ọkùnrin márùn-ún àti ọmọbìnrin kan. Àwọn ọkùnrin náà ń ta páàtì mọ́tò ní ọjà Apo. Ọmọ Ìbò ni wọ́n, wọ́n kúrò nílé bí àwa náà ṣe kúrò nílé, wọ́n wá jẹun ní ìlú onílùú. Ọlọ́pàá kéde pé adigunjalè ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, títí kan àwọn kan láàrin tiwa. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì rí i pé wọn kì í ṣe olè. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù, ó di oṣù kẹta ọdún 2017 kí ìdájọ́ tó jáde: wọ́n dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá méjì, wọ́n dá mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀gá tó ga jù nínú wọn sì wà lára àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀. Ọdún méjìlá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń gba àwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní gbangba: kí ni a sọ lọ́jà nígbà náà? A sọ pé ọ̀rọ̀ Ìbò ni. Àwọn Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ kan fún irú èyí, pé pàṣán tí a fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àlejò ni ọlọ́jà Apo, àlejò ni ọlọ́jà Kure.

Bí ẹ bá sì rò pé nítorí ẹ̀yà wa tàbí ẹ̀sìn wa ni pàṣán náà kò ní dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Amadou Diallo. Fúlàní ọmọ Guinea ni, Làìbéríà ni wọ́n gbé bí i, oníṣòwò sì ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí New York, ó ń ta ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti fídíò lẹ́bàá títì. Irú ọjà tí àwọn ọmọ wa ń tà ní Mobil níbí ni. Ní òru ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1999, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tó ń gbé. Ọlọ́pàá mẹ́rin tí wọn kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí gbogbo wọn jẹ́ òyìnbó, dé bá a. Wọ́n ní ó jọ ọ̀daràn kan tí àwọn ń wá. Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó mú pọ́ọ̀sì owó rẹ̀ jáde, wọ́n sì ní àwọn rò pé ìbọn ni. Ìbọn 41 ni wọ́n yìn, 19 bà á. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Wọ́n kírun sí i lára ní mọ́sáláásí ńlá kan ní New York kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ lọ sí Guinea.

Ní oṣù kejì ọdún 2000, kóòtù dá àwọn ọlọ́pàá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ní 2004, ìlú New York san mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún àwọn òbí rẹ̀. Kí kóòtù tó dájọ́, àwọn ènìyàn ti ń lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá lójoojúmọ́ kí wọ́n lè mú wọn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí wọ́n mú bẹ́ẹ̀, dúdú àti funfun, Mùsùlùmí, kìrìsítẹ́nì àti Júù. Nígbà tí wọ́n pa George Floyd ní ìlú Minneapolis ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2020, tí gbogbo ayé ń ké, àwọn tó rántí Diallo mọ̀ pé igbe náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Amẹ́ríkà, ilé wa ni a ti ń kọ́ ọ. Abu Dharr bú ọkùnrin kan nítorí ìyá rẹ̀ tí kì í ṣe Lárúbáwá. Àwọn kan ní Bilal ni. Ànábì sọ fún Abu Dharr pé ó ṣì kù nínú rẹ̀ tí ìwà àìmọ̀kan wà. Sàhábà ńlá ni Abu Dharr o. Ẹ wá wo àwa. Àwọn onílẹ̀ tí a bá ní Minna, Gbagyi ni wọ́n ń pe ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ orúkọ “Gwari” tí a ń pè wọ́n. A ń gbọ́, a kò sì jáwọ́. Orúkọ tí a ń pe Ìbò lẹ́yìn wọn, a kò ní kọ ọ́ sínú ìwé yìí. Ọmọ tó bá ń gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ní alẹ́, bó bá dàgbà tí wọ́n fún un ní ìbọn ìjọba, ta ni ẹ rò pé yóò kọ́kọ́ nà án sí?

A dé orí ti 2020 tí gbogbo wa mọ̀. Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ́de káàkiri nítorí SARS, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti máa bá adigunjalè jà, tí àwọn náà wá di ẹni tí à ń sá fún. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, ìbọn ba Jimoh Isiaq ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ́ tí kò ju bí ogún ọdún lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìròyìn náà sì wọlé sí Minna bí ìgbà tí òkú wà ní yàrá kejì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò tilẹ̀ sí lára àwọn tó ń wọ́de. Gbogbo wa di ọ̀rọ̀ yìí mú: “Kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan!” A ń sọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí ọmọ ìyá ni òun àti “Kí ló ṣe?” Bí ó bá ń wọ́de ńkọ́? Ṣé ìwọ́de ni ẹ̀ṣẹ̀ tí a fi ń gba ẹ̀mí? Bí ó bá tilẹ̀ jalè ńkọ́? Ṣàríà wa kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti dájọ́ olè lójú títì. Adájọ́ wà, ẹlẹ́rìí wà, ìbúra wà. Kò yẹ kí òkú máa wá ẹni tí yóò jẹ́rìí ìwà rere rẹ̀ kí ikú rẹ̀ tó dun ni.

Ní ọjọ́ kejì, inú ru àwọn ọ̀dọ́, ìbọn tún dún, ẹ̀mí mìíràn tún lọ, wọ́n sì ya wọ ààfin Ṣọ̀ún, wọ́n ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde 100 mílíọ̀nù náírà láti fi tún ààfin ṣe. Ọba Jimoh Oyewumi, ẹni tí ó ti re ibi àgbà ń rè ní ọdún 2021, ní òun kò gbà á, kí wọ́n kó owó náà fún àwọn tí jàǹbá náà dé bá. Orúkọ kan náà ni ọba àti ọmọ tó kú náà ń jẹ́, ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba yìí, ọ̀rọ̀ Ali àti abọ́ ajá ló sọ sí wa lọ́kàn: ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gba owó, lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ ni ògiri.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé, “Áfáà, àwa tí a wà ní ìpínlẹ̀ Niger nílò ìbọn ọlọ́pàá.” Òótọ́ ni ẹ sọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ ilé-kéwú Salihu Tanko ní Tegina, wọ́n kó ọmọ kéwú 136 lọ sínú igbó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn kan kò padà wálé. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kéwú, a kò lè gbàgbé rẹ̀. Nítorí irú èyí ni àwọn gómìnà Àríwá fi sọ ní oṣù kẹwàá 2020 pé SARS wúlò ní ọ̀dọ̀ àwọn. A kò sọ pé kí ọlọ́pàá gbé ìbọn sílẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ọlọ́pàá tó mọ̀ pé òun yóò dáhùn fún ọta kọ̀ọ̀kan ni yóò ní ọta tó pọ̀ tó lọ́jọ́ tí agbébọn bá dé Tegina. Èyí tó ń fi tirẹ̀ yẹ̀yẹ́ àwọn ọlọ́kadà lójú títì, a kò tíì rí ibi tó ti gba ọmọ kéwú kan sílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá náà sì jẹ́ ẹ̀mí. Ní oṣù kẹwàá 2020 yẹn, àwọn kan pa ọlọ́pàá, wọ́n dáná sun àgọ́ wọn. Súúrà kẹtàdínlógún, áyà 33, sọ fún ẹbí ẹni tí a pa lábòsí pé wọ́n ní ẹ̀tọ́, ó sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe kọjá ààlà nínú pípa. Ọlọ́pàá tó wà ní àgọ́ mìíràn tí kò mọ ohunkóhun sí i kò sí nínú ẹ̀tọ́ yẹn.

Kí wá ni kí á ṣe? Àkọ́kọ́ ni pé kí á wádìí, bí súúrà kọkàndínláàádọ́ta, áyà 6, ṣe pa á láṣẹ. A fẹ́ràn láti fi áyà yìí bá àwọn ọmọ wa wí lórí àwòrán irọ́ tí wọ́n ń rí lórí fóònù, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí irọ́ pọ̀ gan-an ní 2020. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọlọ́pàá kọ fún oníròyìn náà jẹ́ ìròyìn. Ìròyìn ni “adigunjalè ni wọ́n” ní Apo. Ẹ wádìí ìyẹn náà.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yín, ní Bosso ni o, ní Kpakungu ni o, ní Maitumbi ni o, kí ẹni tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ tó wà ní àyà aṣọ ọlọ́pàá bí ẹ bá rí i, àti àwọn tó tún wà níbẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bèèrè. Ní ti Apo, kóòtù ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ohun tí ènìyàn kò kọ sílẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí. Ẹ mú un wá fún lémọ́mù yín àti akọ̀wé ẹgbẹ́, kí á lè bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, kí á sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ ṣe é bí òkú náà kì í bá ṣe tiwa. Súúrà kẹrin, áyà 135, ní kí á jẹ́rìí òtítọ́ bó tilẹ̀ takò àwa fúnra wa tàbí òbí wa. Ẹ̀rí tí kò takò wá, tó kàn jẹ́ pé ti ẹlòmíràn ni, kí ló dé tí yóò wá wúwo lẹ́nu wa?

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí àwọn ará máa ń bi wa ní bòókẹ́lẹ́. Bí ọlọ́pàá bá pa ọmọ Mùsùlùmí kan, tí wọ́n sì ní olè ni, ṣé kí á kírun sí i lára? Ìwé Risala tí gbogbo wa kà ní ilé-kéwú sọ pé ẹni tí adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n pa nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó ti fìdí múlẹ̀ gan-an, a ó kírun sí i lára. Olórí tó pàṣẹ náà nìkan ni kò ní ṣe lémọ́mù. Tí ẹni tí a dá lẹ́bi bá rí bẹ́ẹ̀, mélòómélòó ẹni tí kò dé iwájú adájọ́ rí? Kò sí lémọ́mù tó ní ẹ̀tọ́ láti fà sẹ́yìn, kò sì sí mọ̀lẹ́bí tó yẹ kó fi òru sin òkú rẹ̀ nítorí ìtìjú. Kí á wẹ̀ ẹ́, kí á wé e ní aṣọ funfun, kí á gbé e wá sí mọ́sáláásí ní ọ̀sán gangan, kí á tò ní sáàfù, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní sáàfù àkọ́kọ́.